Òfìfo ni wọ́n tà fún mi: ìrírí mi pẹ̀lú stupa orí pẹpẹ

Pọ́n-ùn 85 ni mo ra stupa yẹn, àwòkọ kékeré onídẹ ti ilé ìrántí mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Kó tó jókòó sórí pẹpẹ mi, owó ti di 190, òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ti bá a lọ. Ẹni tó tà á kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi pé inú ẹ̀ ṣófo.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Tibet jókòó ṣe àṣàrò ní London. Lórí pẹpẹ tiwọn, ère ló dúró fún ara Búdà, ìwé fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, stupa fún ọkàn rẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni mi ò ní. Oríṣi mẹ́jọ ló wà. Mo mú èyí tó ń rántí ọjọ́ tí ojú Búdà là sí òtítọ́: ìdí onígun mẹ́rin, àtẹ̀gùn lórí ẹ̀, ikùn bí ìkòkò, òrùka 13 tó ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sókè, òṣùpá àti oòrùn ní góńgó. Àwọn oníṣẹ́ idẹ Newar ní Patan, ní Nepal, ló ṣe é. Ìda ni wọ́n fi ń mọ ọ́n kí wọ́n tó da idẹ, bí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe ṣe orí idẹ tiwọn. Mi ò bá wọn ní ẹjọ́ rárá. Etí òrùka kọ̀ọ̀kan mú ṣáká.

Mo gbé e dé ibi ìjókòó wa, mo ń yangàn. Lámà, olùkọ́ ẹ̀sìn wa, gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka kàn án níkùn. Ó dún bí agolo. Wọ́n ní ilé dára, kò sẹ́ni nínú ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín, tí wọ́n ń pè ní igi ẹ̀mí, tí wọ́n kùn ní pupa, tí orí ẹ̀ kọjú sókè bó ṣe hù. Bébà tí a tẹ mantra, ọ̀rọ̀ àdúrà wọn, sí, tí a ká bí ẹní, tí a fi aṣọ yẹ́lò wé. Àti tùràrí lílọ̀ tí yóò dí gbogbo àlàfo. Àwo bàbà pẹlẹbẹ la ó wá fi dé ìdí ẹ̀. Igi gba 32, bàbà 24. Bébà, aṣọ àti saffron gba 29. Gígé, kíká, fífi omi saffron pa bébà lára: ẹni tó bá ti fi bébà di ẹ̀pà rí mọ̀ ọ́n ṣe.

Kíkì í bọ inú ló fojú mi rí màbo. Ìdí stupa ni ihò wà, nítorí náà mo dorí ẹ̀ kodò sínú tówẹ̀lì. Mantra kì í dorí kodò, mo mọ ìyẹn, mo sì ti fi yíǹkì pupa fa ìlà sí apá òkè bébà kọ̀ọ̀kan, níbi tí orí ọ̀rọ̀ wà. Mo kì wọ́n bọnú ihò, ìlà pupa kọjú sí mi. Mo fi ṣíbí onígi tẹ̀ wọ́n títí kò fi sáyè mọ́. Odindi Sátidé ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí yọjú wo ihò náà.

"Ìlà pupa yìí, orí ni àbí ẹsẹ̀?"

"Orí ni, mà."

Wọn ò fèsì. Wọ́n mú ife tíì wọn tó ti gbẹ, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, wọ́n gbé e dìde padà, wọ́n ń wò mí. Ara mi bù máṣọ. Tí stupa bá nàró, gbogbo orí tí mo tò yẹn ni yóò kọjú sílẹ̀.

Ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń fa irun ojú ni mo fi yọ wọ́n, wákàtí mẹ́rin gbáko. Mo ti kì wọ́n pinpin jù, ìdajì wọn ya. Èyí tó ya kò sì ṣe é jù sí ìdọ̀tí. Sísun ni wọ́n ń sun ún tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Pọ́n-ùn 20 mìíràn ni mo fi tẹ òmíràn.

Tí n bá tún máa rà, n ó bi olùtajà kí n tó sanwó: ṣé ìdí ẹ̀ ń ṣí, ṣé nǹkan wà nínú ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti ra òfìfo ní tiyín, ẹ ki bébà kan ṣoṣo wọlé, ẹ gbé stupa nàró, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ìsàlẹ̀. Ìlà pupa kò gbọdọ̀ kọjú sí yín.

Lámà ti yà á sí mímọ́ báyìí (ọrẹ tí mo mú lọ ò sí nínú 190 yẹn o). Ó wà lápá ọ̀tún bí ènìyàn bá kọjú sí pẹpẹ, ó sì rẹwà débi pé mo máa ń dìde lálẹ́ lọ wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùtajà ránṣẹ́ pé kí n fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo fún un ní mẹ́ta. Àwọn ará Patan ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.