Bí ẹ bá fẹ́ gun òkè ní Ìjùmú

Ẹ̀yin ará wa, okun o. Ẹni tó bá ń lọ gun òkè Ògìdì, ní Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú, kí wọ́n fún yín ní ọdẹ tó mọ ọ̀nà. Ẹ má dá lọ.

Aago 6:30 àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀; tó bá fi máa di ọ̀sán, àpáta á ti gbóná bí agbada. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé omi lítà 2. Ibi tó dúdú lára àpáta, ojú ọ̀nà omi ni: bí ìrì lásán bá sẹ̀ sí i, á máa yọ̀ bí ilá. Ibi tó funfun tó sì gbẹ ni kí ẹ máa tẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ lẹ ó ṣọ́ra jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú.

Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá féèyàn, ẹ fi ọ̀pá na koríko kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ má dáná rárá.

Orí òkè làwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun Núpé ní ọ̀rúndún 19. Bí ẹ bá rí àfọ́kù ìkòkò, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀: èyí tí wọ́n bá ti gbé kúrò níbi tó wà kò ní lè sọ ìtàn rẹ̀ mọ́.