Bí mo ṣe fi iná bátìrì bọ́ ìpáàrà lára irinṣẹ́ bàbá mi

Bí ẹ bá gbé irin tó dógùn-ún jáde ládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìmọ̀ràn ò ní wọ́n yín. Ọ̀gá wẹ́dà tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní kí n gbé e wá, pé òun á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin họ ọ́ kí n tó ṣẹ́jú. Ẹni tó ń ṣájì bátìrì ní áásìdì ló yẹ ká dà lé e. Màmá mi ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni àwọn ń lò láyé àtijọ́, ó sì ń mọ́. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì rí i pé kò sí èyí tó bá a mu.

Ìfági onírin tí bàbá mi fi ṣe kápíńtà ni, àti sípánà mélòó kan, àti fáìsì ńlá tí wọ́n máa ń de mọ́ tábìlì iṣẹ́. Páànù yàrá ìkẹ́rùsí jò, òjò wọ inú àpótí irinṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ṣí i títí ọyẹ́ fi dé. Àwọn ìdè ara ìfági náà ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Lẹ́tà tí wọ́n dà mọ́ ara irin rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ti rì sínú ìpáàrà, a ò rí i kà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fá irin á fá ìpáàrà, á fá lẹ́tà, á sì fá ìsàlẹ̀ ìfági tó yẹ kó tẹ́jú. Ìsàlẹ̀ tí kò bá tẹ́jú kò lè fági tó dán. Áásìdì ní tirẹ̀ kì í mọ ibi tí ìpáàrà parí sí: tó bá jẹ ìpáàrà tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà áásìdì ni, ó kàn jẹ́ pé kò le tó ti bátìrì. Ohun tí mo ń wá ni nǹkan tí yóò bọ́ ìpáàrà, tí yóò sì fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àbúrò mi tó ka kẹ́mísìrì ní LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú wa, ló tọ́ka ọ̀nà yìí sí mi.

“Bọ̀dá mi, iná ni kí ẹ fi ṣe é. Electrolysis. Ẹ ò rántí? Wọ́n kọ́ yín níléèwé girama náà.”

Mo rántí orúkọ rẹ̀, n ò rántí pé ó wúlò fún nǹkan kan lẹ́yìn ìdánwò. Michael Faraday, ará Ìlú Ọba tó ṣàlàyé òfin tó wà nídìí rẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ irin ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó kan iná.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, bó ṣe yé mi sí. Irin, omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń pàdé tí ìpáàrà fi ń wáyé. Ní àsìkò yẹn, irin ń pàdánù elétírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó ń gbé iná, ọ́síjìn ló ń gbà á. Tí a bá ki irin náà bọ omi tó lè gbé iná, tí a so ó mọ́ ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì, iná yóò máa ti elétírọ́ọ̀nù padà sínú rẹ̀. Apá kan nínú ìpáàrà pupa yẹn á yí padà di nǹkan dúdú tó rọ̀. Omi tó wà lára irin náà á máa tú afẹ́fẹ́ háídírójìn jáde, afẹ́fẹ́ náà á sì máa ti ìpáàrà tó kù kúrò láti abẹ́. Irin gidi kò ní dín kù. Irin mìíràn tí a so mọ́ pósítíìfù ló ń jẹ ìyà iṣẹ́ náà, òun ló ń jẹrà díẹ̀díẹ̀.

Omi lásán kò gbé iná dáadáa, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan sí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé iyọ̀. Ẹ má fi iyọ̀ o. Tí iná bá kọjá nínú omi oníyọ̀, afẹ́fẹ́ klórínì lè jáde níbi pósítíìfù, májèlé sì ni fún ẹ̀dọ̀fóró. Soda ash ni ó dára jù. Kò sì ṣòro láti rí nílùú wa, torí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ olómi ń rà á lójoojúmọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta èròjà ọṣẹ nítòsí Tákìé ni mo gbà lọ.

“Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé soda ash wà?”

“Ó wà, ọmọ mi. Ọṣẹ lo fẹ́ ṣe? Kọ́sítíkì ńkọ́, ṣé o ti ní?”

“Rárá mà, irin ni mo fẹ́ fi fọ̀.”

“Irin kẹ̀!” Wọ́n wò mí lókè, wọ́n wò mí nísàlẹ̀, wọ́n wọn ún sínú ọ̀rá. “Má jẹ́ kó ta sí ẹ lójú ṣá.”

Kọ́sítíkì pàápàá lè ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ń bó ara, n ò rí ìdí tí màá fi gbé e wọlé nígbà tí soda ash wà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé káún tí à ń fi sínú ewédú, ẹbí soda ash ni. Nǹkan kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Mo fẹ́ dán káún wò, àbúrò mi ló dá mi dúró, ó ní káún inú ọjà lè ní iyọ̀ àti erùpẹ̀ nínú, a ò sì lè mọ bó ṣe pọ̀ tó. Tí soda ash bá wọ́n níbi tí ẹ wà, ẹ lè da bákìn sódà sínú páànù, kí ẹ yan án nínú ààrò tó gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 200 Celsius títí tí ooru omi fi máa jáde tán. Yóò di soda ash.

Ọ̀rọ̀ ṣájà gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Àwọn ṣájà ìgbàlódé gbọ́n jù. Tí wọn ò bá rí bátìrì níwájú wọn, wọn ò ní gbé iná jáde, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ò sì jọ bátìrì lójú wọn. Mo padà lọ bá ẹni tó ń ṣájì bátìrì tó ní kí n lo áásìdì, mo yá èyí tó ti gbó lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tó wúwo, tó ní abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka sí iye áńpíà, ìyẹn bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó. Fóltì (volt) 12 ló ń gbé jáde. Fóltì 12 kò lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n iná ọba tó ń wọ inú ṣájà lè pa á. Orí àga ni mo gbé ṣájà sí, ó jìnnà sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni mo lò, oníke, èyí tó ń gba lítà 20. Mo bu omi lítà 16 sí i, mo wá da soda ash ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sí i, ìyẹn ṣíbí kan fún lítà mẹ́rin. Fífi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ kò mú iṣẹ́ yá ní ọ̀nà tó ṣe gúnmọ́. Àjákù rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kìn ni mo tò sí igun bọ́kẹ́ẹ̀tì, mẹ́rin, mo fi wáyà so wọ́n pọ̀ lókè, níbi tí omi ò dé. Ibi tí wáyà ti so mọ́ rọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà lókè omi, torí bí wáyà kọ́pà bá wọ omi ní ìhà pósítíìfù, ó máa jẹrà kíákíá.

Ìdí tí mo fi lo rọ́ọ̀dù mẹ́rin ni pé tààrà ni iná ń fẹ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí rọ́ọ̀dù ló máa kọ́kọ́ mọ́, ẹ̀yìn á máa dúró. Tí rọ́ọ̀dù bá yí i ká, ẹ ò ní máa yí irin kiri.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ tẹnu mọ́. Ó máa ń wu èèyàn láti fi irin tí kì í dógùn-ún, irú ti ṣíbí àti abọ́ tó ń dán, ṣe pósítíìfù, torí kì í tètè jẹrà. Ẹ má ṣe é láéláé. Krómíọ̀mù wà nínú irú irin bẹ́ẹ̀, iná á yọ ọ́ sínú omi ní irú tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ẹ ò sì ní ibi tí ẹ máa da omi yẹn sí. Páànù òrùlé náà ò dára, torí síńkì tàbí alumíníọ̀mù tó wà lára rẹ̀. Rọ́ọ̀dù ilé kíkọ́ ò wọ́n, ẹ lọ bá àwọn bíríkìlà.

Mo tú ìfági sí wẹ́wẹ́. Igi ìdìmú rẹ̀ kúrò, idẹ ara rẹ̀ kúrò. Àwọn ìdè tó ti lẹ̀, n ò fi agbára bá wọn jà, mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ rẹ̀ nìkan ni n ò kì bọ omi. Irin abẹ ti jẹ iná alágbẹ̀dẹ kó tó le, háídírójìn sì lè wọ inú irú irin líle bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́ di ohun tó ń ṣẹ́. Sípíríǹgì ló burú jù fún irú ìyẹn. Sáńdípépà àti òkúta ìpọ́nbẹ ni mo fi ṣe ti abẹ, ó sì tó o.

Mo họ ibì kan lára irin ìfági títí irin funfun fi yọ, torí iná kì í gba orí ìpáàrà kọjá dáadáa. Mo so wáyà mọ́ ibẹ̀, mo gbé e rọ̀ sáàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì láti ara igi tí mo gbé dábùú ẹnu rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kan rọ́ọ̀dù kankan. Wáyà dúdú ṣájà, nẹ́gétíìfù, lọ sára ìfági. Wáyà pupa lọ sára rọ́ọ̀dù. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó tan iná, torí ẹni tó bá yí i padà, ìfági rẹ̀ ni yóò máa jẹrà, rọ́ọ̀dù á sì máa mọ́ sí i.

Ìta gbangba ni mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, mo sì ní kí wọ́n gbé àdògán tí wọ́n fẹ́ fi sun àgbàdo lọ sí iwájú ilé. Háídírójìn tó ń jáde yẹn ń gbiná. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pa ṣájà lára ògiri kí n tó fọwọ́ kan wáyà èyíkéyìí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí iná má baà ta pàrà.

Bí mo ṣe tan án, kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹmu àárọ̀ yí ìfági ká. Abẹ́rẹ́ ṣájà dúró sí àárín áńpíà méjì sí mẹ́ta. Àwọn ọmọ adúgbò yí wa ká, wọ́n ń bi mí bóyá oògùn ni. Kí oòrùn tó yí, fófò pupa bíi ti ilẹ̀ ẹrẹ̀ ti bo ojú omi, rọ́ọ̀dù sì ti wú fún ẹ̀gbin. Mo pa iná, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nù wọ́n, mo dá wọn padà. Tí ẹ ò bá nu rọ́ọ̀dù, iná tó ń kọjá á máa dín kù, ẹ ó sì rò pé ṣájà ló bàjẹ́.

Ìgbà tí wọ́n mú iná ọba lọ, n ò bínú bí mo ṣe máa ń bínú. Omi soda ash kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún kíákíá, nítorí náà ìfági lè jókòó síbẹ̀ títí iná fi dé. Ẹni tó bá ní bátìrì sólà lè lò ó, ṣùgbọ́n kó so gílóòbù ọkọ̀ sójú wáyà kan láti dín agbára rẹ̀ kù, torí bátìrì kì í ní sùúrù tí irin bá kan irin.

Ọjọ́ kejì ni mo yọ ọ́. Dúdú ló jáde, kò dán, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, dúdú náà ń ṣí kúrò, irin rẹ́súrẹ́sú ń yọ lábẹ́. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà jáde, “Made in England”, gbogbo rẹ̀ pé, kò sí ẹyọ kan tó já. Àwọn ìdè tó ti lẹ̀ yí láti ọwọ́ lásán. Ọ̀gá wẹ́dà gbà á, wọ́n fi èékánná ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ, ta ló bá ẹ fá a?” Ọ̀dà dúdú ara rẹ̀ ti ṣí kúrò láwọn ibì kan ṣá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀dà irinṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ́kù, kó wá ọ̀nà mìíràn.

Kíákíá ló kù. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti inú omi lè tún pọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo gbé e sórí páànù tí oòrùn ti yan gbóná, mo wá fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ pa gbogbo ara rẹ̀ nígbà tó ṣì ń lọ́wọ́ọ́rọ́. Ọyẹ́ ló ràn mí lọ́wọ́ níbi gbígbẹ. Ní àárín òjò, n ò rò pé màá bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí.

Àwọn sípánà mọ́ bákan náà, àyàfi àwọn tí wọ́n fi nǹkan dídán bò. Tiwọn ń ṣí bí èèpo níbi tí ìpáàrà ti wọ abẹ́ rẹ̀. Àdá àti ọkọ́, ẹ má da ara yín láàmú, sáńdípépà àti epo tó wọn. Ohun tó ní ìdè, lẹ́tà tàbí kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ò dé ni mo lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá ní alumíníọ̀mù lára kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, omi náà á jẹ ẹ́.

Omi yẹn ò tíì tán lò. Soda ash kì í lọ, omi nìkan ló ń dín kù, ẹ kàn máa fi omi kún un ni. Fáìsì ló kàn, ṣùgbọ́n kò gba inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà. Mo ti bẹ ẹnì kan kó bá mi gé dúrọ́ọ̀mù oníke sí méjì, rọ́ọ̀dù mẹ́jọ sì ni màá tò sí i.