Ẹ má pa kọ̀ǹpútà mọ́ Màmá Account lọ́wọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí restart lẹ́yìn update

Ọjọ́ kan tí oṣù ń parí lọ, mo pa kọ̀ǹpútà mọ́ Màmá Account, àgbà ẹ̀ka ìṣirò owó wa, lọ́wọ́. Ilé alájà mẹ́fà kan ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, ni ọ́fíìsì wa wà nígbà náà, èmi ni mo sì ń tọ́jú ẹ̀rọ gbogbo ilé náà. Mo jókòó sí àjà kejì, mo fi àṣẹ ránṣẹ́ pé kí gbogbo kọ̀ǹpútà tí update ti wọ̀ pa ara wọn, kí wọ́n sì tún tàn, ní aago kan ọ̀sán. Mo rò pé oúnjẹ ni kálukú á máa jẹ nígbà yẹn. Màmá Account ò lọ jẹun. Wọ́n fi ọwọ́ kan mú gálà, wọ́n ń fi ìkejì tẹ owó oṣù sínú software àtijọ́ kan tí kì í fi nǹkan pamọ́ àfi tí èèyàn bá ní kó fi pamọ́. Ojú ẹ̀rọ kàn dúdú lójijì. Iṣẹ́ àárọ̀ lódindi ló bá a lọ.

Wọn ò pariwo. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Ohun tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́ gbogbo ọmọ account bí wọ́n ṣe ń yẹ restart sílẹ̀: tí ìkìlọ̀ bá yọjú, kí wọ́n sún un síwájú, tó bá tún yọjú, kí wọ́n tún sún un. Nígbà tó fi máa tó oṣù méjì, kò sí kọ̀ǹpútà kan ní àjà kẹrin, níbi tí àwọn account wà, tí update rẹ̀ parí. Èmi ni mo kọ́ wọn ní sísá.

"Update ti wọlé, ó ti tán"

Kò tíì tán o. Fáìlì tí Windows ń lò lọ́wọ́ kò ṣeé pààrọ̀, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ pààrọ̀ táyà dánfó tó ń sáré lórí Third Mainland. Ṣe ni update máa gbé fáìlì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kan, á kọ orúkọ wọn sílẹ̀, á wá dúró di ìgbà tí ẹ̀rọ bá kú tó sì tún jí, kó tó gbé wọn sípò. Kó tó dìgbà náà, ihò tí olè lè gbà wọlé ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Linux, ètò mìíràn tí àwọn kan ń lò dípò Windows, náà ò bọ́ nínú ẹ̀: fáìlì lè ti yí padà lórí disk, ṣùgbọ́n program tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì di ti àtijọ́ mú. Lórí Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn Linux, tí ẹ bá rí fáìlì tó ń jẹ́ /var/run/reboot-required, ẹ̀rọ ń bẹ̀ yín ni.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò tí WannaCry, kòkòrò tó ń ti fáìlì pa kó lè gba owó ìràpadà, wá gbà wọlé. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ni WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í jà káyé. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù méjì tí oògùn ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé.

"NEPA á bá wa restart ẹ̀"

Mo máa ń gbọ́ èyí l'Ékòó dáadáa, ẹlòmíì ò sì fi ṣàwàdà. Ẹ̀rọ tí iná lọ mọ́ lójú nígbà tó ṣì ń kọ "Don't turn off your computer" lè má dìde mọ́. Mo ti fi odindi Sátidé kan jí ẹyọ kan ṣoṣo dìde. Laptop ní tirẹ̀ ní bátìrì. NEPA ì báà mú iná lọ nígbà mẹ́wàá, kò ní restart.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ gan-an ni aago. Ìwé ìtọ́ni àwọn òyìnbó á ní kí ẹ fi restart sí aago méjì òru. Níbo? Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀ láti aago méje alẹ́? Aago méjì á kọjá, kò sí ẹ̀rọ tó jí. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tí gbogbo èèyàn bá wá tan kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ òru á ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́sítọ́mà á sì ti tò sẹ́nu káńtà.

Ẹni tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Bàbá Gen là ń pe tiwa. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo máa ń bi wọ́n léèrè bóyá epo tó wà nílẹ̀ á gbé wa dé aago mẹ́jọ, àti ìgbà tí wọ́n fẹ́ yí iná padà. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ń yí i láti NEPA sí gen tó láti pa desktop tí kò ní UPS. UPS tó sì ń gbé ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ò lè gba update tó máa jẹ ogún ìṣẹ́jú là. Aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo wá fi tiwa sí, mo sì máa ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n má pa gen títí n óò fi pè wọ́n.

Nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àwọn kan wà tí kì í kúrò ní ọ́fíìsì kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́. Aago 8 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́ tó sábà máa ń wà nínú ètò Windows gẹ́gẹ́ bí àsìkò iṣẹ́, ìyẹn àsìkò tí kò ní dédé restart fúnra rẹ̀, ò bá ìlú yìí mu. Ẹ nà án. Windows gbà yín láyè títí dé wákàtí 18.

"Mò ń pa á lálaalẹ́"

Màmá Account búra fún mi pé àwọn kì í lọ sílé láìpa kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Windows 8 ni nǹkan kan tó ń jẹ́ Fast Startup ti wà: tí ẹ bá tẹ "Shut down", Windows á tọ́jú ọkàn ara rẹ̀ sórí disk, lọ́jọ́ kejì á kàn gbé e wọ̀ padà. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣí Task Manager níwájú wọn, mo tẹ Performance, mo fi "Up time" hàn wọ́n: ọjọ́ 61. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yìí ń parọ́ mọ́ mi."

Ti àwọn tó ń gbé laptop lọ sílé tún burú ju ìyẹn lọ, torí ọmọrí ni wọ́n kàn ń pa dé. Tó bá ti kọ "Update and restart" síbẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ tẹ̀.

Kíkó gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft ń gbé update rẹ̀ jáde, aago mẹ́fà tàbí méje ìrọ̀lẹ́ ni tiwa. Ẹ̀rọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mo ń kọ́kọ́ fi dán an wò ní Ọjọ́rú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, update kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe software ààbò, da ẹ̀rọ Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 bolẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni èèyàn ní láti bá níbi tó wà, kó tan án sí safe mode (níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó nílò), kó pa fáìlì kan rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìdánwò sọ ọ́ di oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì ò lè kọjá ọjọ́ 14. Tí ẹ bá fún àwọn èèyàn ní ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹ̀ á parí kó tó kọjá nǹkan bí ọjọ́ 21, ẹ ò sì ní pàdé àwọn account lójú ogun òpin oṣù.

Ní ti server: ẹ má pa domain controller (server tó ń yẹ orúkọ àti password gbogbo èèyàn wò) méjèèjì pọ̀, kí database sì jí kí app tó ń bi í léèrè tó jí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

BitLocker

Tí update bá kan BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé), BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti disk pa, lè ní òun ò dá ẹ̀rọ mọ̀ mọ́, kó máa béèrè nọ́ńbà 48. Ẹ rò ó wò, ẹni tó wà nílé n'Íkòròdú, aago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ ń ka nọ́ńbà 48 fún lórí fóònù tó ń já. Ẹ dá BitLocker dúró díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín ṣáájú.

Ìkìlọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni

Ohun tí mo ń kọ sórí WhatsApp ọ́fíìsì báyìí nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́la Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà àjà kẹrin máa kú, á sì tún tàn fúnra rẹ̀. Ó lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ ṣáájú, ẹ má yọ wáyà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣeé fi sílẹ̀, kó pè mí kó tó di aago márùn-ún."

Lẹ́yìn náà ni mo ń fi shutdown /r /t 900 ránṣẹ́, èyí tó fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Ẹ ṣọ́ra fún un o: tí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé /t bá ti ju òdo lọ, Windows á fipá pa gbogbo program tó ṣí sílẹ̀, kò ní bi yín bóyá ẹ ti fi iṣẹ́ pamọ́. Ohun tó ṣe Màmá Account gan-an nìyẹn. Tí ẹnì kan bá pè yín, shutdown /a ló ń dá a dúró.

"Ti ọ̀gá yàtọ̀"

Ibi tí mo ti jẹ̀bi jù nìyí. Ọdún kan gbáko ni mo yọ laptop ọ̀gá àgbà sílẹ̀ nínú gbogbo ètò yìí, torí mi ò fẹ́ kó kú mọ́ wọn lọ́wọ́ níwájú àlejò. Bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀ ni ìwé báǹkì wà, inú ẹ̀ ni owó oṣù gbogbo wa wà. Nígbà tó yá, mo gòkè lọ bá wọn, mo ní, "Ẹ má bínú, sà, ìgbà wo lẹ máa ń fi laptop yìí sílẹ̀?" Wọ́n rò ó títí. Wọ́n ní àfi ọjọ́ Jímọ̀, tí àwọn bá lọ kírun ní Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ ní Nnamdi Azikiwe. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń ṣe tiwọn báyìí. Tí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀ tán, màá ki cháájà bọ̀ ọ́, màá tẹ "Update and restart", màá jókòó tì í.