Bí ẹ ṣe lè fi ìrìn ọ̀sán kan mọ àwọn olókìkí Rottingdean

Rottingdean jẹ́ abúlé etíkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bíi máìlì mẹ́rin sí ìlà-oòrùn Brighton. Láti 1928 ló ti wà lábẹ́ Brighton, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò láti sọ fún ará ibẹ̀ pé kì í ṣe abúlé mọ́. Ẹni tó bá kọ orúkọ àwọn èèyàn ńlá ibẹ̀ sílẹ̀, tó wá ń wá ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú kan náà ni yóò máa yí po. Ẹbí ló kó èyí tó pọ̀ nínú wọn débẹ̀, nítorí náà, ẹbí ni kí ẹ fi ṣe atọ́nà.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ orúkọ obìnrin mẹ́rin sí i, àwọn ọmọ ìdílé Macdonald, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Alice ló bí Rudyard Kipling, òǹkọ̀wé. Georgiana ni ìyàwó Edward Burne-Jones, ayàwòrán. Louisa ló bí Stanley Baldwin, tó ṣe olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Agnes fẹ́ ayàwòrán mìíràn, Edward Poynter. Georgiana àti ọkọ rẹ̀ ló ra ilé sí Rottingdean ní 1880, ni ẹbí bá ń wọ́ tẹ̀lé wọn.

Lábẹ́ orúkọ wọ̀nyí, ẹ pín bébà náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tó gbé ibẹ̀, ẹni tó kàn yà síbẹ̀, ẹni tó sinmi síbẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Kipling gbé ibẹ̀, àmọ́ Westminster Abbey ni ẹ ó ti rí ibojì rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni Burne-Jones kú sí ní 1898, Rottingdean sì ni wọ́n gbé eérú rẹ̀ wá. Ìyàwó ni Baldwin wá fẹ́ ní tiẹ̀: Lucy Ridsdale, ọmọ ilé The Dene. Ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret's ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1892.

Rélùwéè láti Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gba nǹkan bíi wákàtí kan dé Brighton. Ní Old Steine, láàárín ìlú Brighton, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 12 tàbí 27, kí ẹ gun òkè, kí ẹ jókòó lápá ọ̀tún tí òkun wà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbi tí títì etíkun ti pàdé High Street. Èèyàn púpọ̀ ló máa ń já sí etí omi lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń tán èèyàn lókun, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sì í ṣí di alẹ́. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkun, kí ẹ máa gòkè High Street lọ. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ oṣù keje.

Ní High Street, ilé ọtí Black Horse ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró sí, nítorí ìdílé Copper. Àwọn yìí gan-an ni ọmọ onílẹ̀. Àlejò olówó ni èyí tó pọ̀ nínú àwọn yòókù. Òṣìṣẹ́ oko ni wọ́n, orin ni wọ́n sì jogún. Ní 1898, obìnrin kan tó ń jẹ́ Kate Lee wá ṣe àlejò nílé agbẹjọ́rò Edward Carson ní abúlé náà. Wọ́n pe James Copper, tí wọ́n ń pè ní Brasser, àti Thomas àbúrò rẹ̀, ọlọ́tí Black Horse, wá kọrin fún un. Wọ́n gbé ìgò wisikí kalẹ̀ sórí tábìlì, àwọn méjèèjì ń kọ, obìnrin náà ń dà á sínú ìwé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Folk-Song Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, sílẹ̀, tí wọ́n sì fi àwọn Copper méjèèjì ṣe ọmọ ẹgbẹ́ fún ìyẹ́sí. Bob Copper, ọmọ ọmọ Brasser, gbé orin náà dé orí rédíò kó tó kú ní 2004, ìdílé rẹ̀ ò sì tíì fi orin sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ olókìkí tó ṣì wà láàyè, agbo orin wọn ni kí ẹ wá lọ. Ẹ má ṣe lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá dé pápá koríko tó ní adágún omi láàárín, ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. North End House ni ilé Georgiana. The Elms, tí Kipling háyà láti 1897 di 1902, kọjú sí i lódì kejì. Kipling ń fi ewì ti ìjọba amúnisìn lẹ́yìn. Ìgbà tó ń gbé The Elms ló kọ èyí tó pe ìṣàkóso lórí àwọn èèyàn tí kì í ṣe funfun ní ẹrù tí òyìnbó gbọ́dọ̀ rù. Àbúrò ìyá rẹ̀ lódì kejì ò gbà fún un. Nígbà tí ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Boer jà ní gúúsù Áfíríkà parí ní 1902, tí abúlé ń yọ̀, Georgiana ta aṣọ ńlá kan sójú fèrèsé, ó kọ ọ̀rọ̀ Áhábù àti Nábótì sí i: a ti pa, a sì ti gba ohun ìní. Inú bí àwọn èèyàn, wọ́n ya bo ilé náà, Kipling ló sì sáré wá pẹ̀tù sí wọn. Ẹ dúró láàárín pápá náà kí ẹ wo ilé méjèèjì. Ẹ ó rí i pé ìrìn ìṣẹ́jú kan kò sí láàárín wọn.

Ilé àdáni ni méjèèjì. Ẹ má ṣe yọ orí lórí ògiri: àwọn tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń kó wá láti Brighton láti yọjú wo Kipling wà lára ohun tó lé e lọ sí Bateman's, ní Burwash. Bateman's ni ilé rẹ̀ tí ará ìlú lè wọ̀. Ní Rottingdean, Kipling Gardens, tó jẹ́ ọgbà The Elms tẹ́lẹ̀, ló ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Enid Bagnold, tí ìwé rẹ̀ nípa ọmọbìnrin kan àti ẹṣin jáde ní 1935, gbé North End House lẹ́yìn náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters.

Ẹ kọjá sí St Margaret's. Bí ìsìn bá ń lọ, ẹ dúró kó parí. Ẹ wo fèrèsé gíláàsì apá ìlà-oòrùn: Burne-Jones ló ya àwọn áńgẹ́lì rẹ̀, ilé iṣẹ́ William Morris ló ṣe gíláàsì náà. Wàláà ìrántí Burne-Jones wà lára ògiri níta, ó kéré, ó rọrùn láti kọjá láìrí i. G. H. Elliott, akọrin orí ìtàgé tó máa ń kun ojú rẹ̀ ní dúdú, wà nínú ọgbà òkú yìí náà. Ní 2020 wọ́n bo òkúta ibojì rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára òkúta náà tàbùkù èèyàn dúdú.

The Grange, tó wà nítòsí, ló ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ yẹ ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n ń ṣí wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. William Nicholson, ayàwòrán, gbé ilé yìí láti 1909. Òun ló ya àmì ọlọ afẹ́fẹ́ fún ilé iṣẹ́ Heinemann, àwọn tó tẹ ìwé ìtàn àkọ́kọ́ Chinua Achebe jáde ní 1958. Àwọn ará abúlé ní ọlọ dúdú tó wà lórí òkè tó kọjú sí òkun, tí wọ́n kọ́ ní 1802, ló wò yà á. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni débẹ̀, ó sì ga díẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun. Òkúta ni etíkun náà, kì í ṣe iyanrìn. Bí omi bá fà sẹ́yìn, ẹ ó rí àwọn búlọ́ọ̀kù kọnkéré ojú irin Magnus Volk, tó gbé èrò la inú òkun kọjá láti Brighton láàárín 1896 sí 1901. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba abẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta funfun lè mú yín dé Brighton Marina ní nǹkan bíi wákàtí kan. Bí ìgbì bá ń dà sórí rẹ̀, tàbí tí òkúta ti já lulẹ̀, wọ́n máa ń tì í. Ẹ padà sí títì etíkun, kí ẹ sì dúró ní ibùdókọ̀ òdìkejì ibi tí ẹ ti sọ̀.