Bí a ṣe lè dáàbò bo agboolé wa lọ́wọ́ ẹ̀fọn ọ̀sán àti eégbọn ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, bí ara ẹnìkan bá ti gbóná, ibà ni a máa ń pè é, oògùn ibà ni a sì máa ń sáré rà. Lóòótọ́, ibà tí ẹ̀fọn alẹ́ ń kó ranni wọ́pọ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n àwọn àrùn mìíràn wà tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tí ẹ̀fọn ọ̀sán ń gbé kiri, àwọn bí ibà pọ́njú (yellow fever), dengue àti chikungunya, tí oògùn ibà kò lè wo ìkankan nínú wọn. Nẹ́ẹ̀tì tí a ń sùn sábẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ kò tó láti dènà wọn, nítorí pé ẹ̀fọn yìí ti máa ń jẹ wá kí á tó lọ sùn. Àgbàlá wa ni iṣẹ́ tó kù wà.

Ẹ̀fọn náà dúdú, àmì funfun sì wà yíká ẹsẹ̀ rẹ̀. Òwúrọ̀ àti ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń jẹ ènìyàn jù, pàápàá ní ọrùn ẹsẹ̀. Omi tí ó dá sínú ohun èlò, tí kò dọ̀tí púpọ̀, ni ó ń wá láti yé sí, nítorí náà gọ́tà olóòórùn tí a máa ń kọ́kọ́ dojú kọ nígbà ìmọ́tótó kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Àmù, àgbá tí a fi ń gbe omi òjò, agolo, èèpo àgbọn, ìkarahun ìgbín àti àgbá òfìfo tó dojú sókè nílé gààrí, ibẹ̀ ni kí ẹ wá a sí.

Ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó yẹ̀. Ó ní ìdí tí mo fi sọ pé ọ̀sẹ̀: láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti yé títí di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ yóò fi fò kì í sábà ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ, ẹni tí ó bá sì ń da omi nù lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti fún un láyè láti bímọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá rí tanwíjí tó ń yí nínú omi, ẹ dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n dídà nìkan kò tó. Ara ohun èlò, lókè ibi tí omi dé, ni ẹ̀fọn yìí ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, ẹyin náà sì lè wà níbẹ̀ ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó tó pa nígbà tí òjò bá tún kan án. Nítorí náà, kànrìnkàn àti ọṣẹ ni kí ẹ fi ha inú àgbá náà dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ dé e pa, tàbí kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́nu, kí ẹ sì so ó le. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì sínú omi tí ènìyàn tàbí ẹran yóò mu.

Ní agbègbè ìkóríta Ṣágámù, táyà àlòkù ni kí á mójú tó jù, nítorí pé bí a ti wù kí a yí i, omi òjò kì í tán nínú rẹ̀. Kí fọganáísà kó wọn sábẹ́ òrùlé, tàbí kí ó lu wọ́n ní ihò káàkiri. Ní oko, kùkùté ọparun àti ihò ara igi máa ń gba omi dúró. Iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ fi dí wọn.

Ní ti ibà pọ́njú, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó fún ọjọ́ ayé. Láti ọdún 2004 ni ó ti wà lára abẹ́rẹ́ tí a ń fún ọmọ oṣù 9 ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò gbà á rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àrùn náà tún yọjú ní ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè fún abẹ́rẹ́ náà. Kí aláboyún, ẹni tí ẹyin adìyẹ kò bá lára mu rárá, àti ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Eégbọn tún ní tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn rí fáírọ́ọ̀sì ibà Crimea àti Congo lára ẹran ọ̀sìn àti eégbọn ní Nàìjíríà, àrùn tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ẹran tó ní in kì í sábà ṣàìsàn. Bí Iléyá bá ń bọ̀, tí àgbò àti màlúù bá ń wọ Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún àti Ojúde Ọba, ẹ má ṣe fi èékánná pa eégbọn. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú ní ibi tó súnmọ́ awọ jù lọ, kí ẹ fà á lọ sókè tààrà láìlọ́ ọ, kí ẹ jù ú sínú ọtí líle, kí ẹ sì fọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Kí ẹni tó ń pa ẹran wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ní pàtàkì bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ tó mọ ohun tó fà á, paracetamol ni kí aláìsàn lò, kì í ṣe aspirin tàbí ibuprofen, nítorí pé àwọn wọ̀nyí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ dà bí ó bá jẹ́ dengue. Ẹ jẹ́ kí ó wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án pẹ̀lú, kí ẹ̀fọn má baà gba àrùn lára rẹ̀ lọ fún ará ilé. Ẹ má jẹ́ kí ìtura tàn yín: ibà pọ́njú a máa fi ènìyàn sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan, kí ó tó padà pẹ̀lú ojú pípọ́n bí ata rodo aláwọ̀ ìyeyè àti èébì ẹlẹ́jẹ̀, dengue sì máa ń léwu jù nígbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù. Bí inú bá ń run ún gan-an, bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, tàbí bí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tí ara bẹ̀rẹ̀ sí gbóná fún nọ́ọ̀sì, ibi tí aláìsàn rìnrìn àjò dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bóyá ó fọwọ́ kan ẹran tàbí eégbọn, kí ẹ sì mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání bí ó bá ní.