Bí A Ṣe Ń Sọ Awòṣífìlà Báǹkì Àtijọ́ Di Ilé Ìgbàlódé

Bí ẹ bá gba ilé báǹkì àtijọ́ kan ní Marina tàbí Broad Street l'Ékòó, tàbí ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ pè kì í ṣe akunlé, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ta táìlì. Ẹnjiníà tó ní àṣẹ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni. Kọnkéré àti irin ló gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ dúró. Bí ìyẹn bá ṣì le, ẹ lè sọ ọ́ di ọ́fíìsì, hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé gbígbé. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, alájà 26, iná jó o ní 1985. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1992.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ilé rí, kí ẹ sì bèèrè bóyá ìjọba ti kà á mọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ má retí pé ẹlòmíràn á ṣọ́ ọ fún yín o: Ilojo Bar ní Tinubu Square, ilé ọnà àwọn Àgùdà, ti wà nínú ìwé ìjọba láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Ẹ ya fọ́tò gbogbo igun kí òòlù tó kan ògiri.

Yíyẹ kọnkéré wò àti títún un ṣe ló kàn, iṣẹ́ tó ń ba gbogbo nǹkan jẹ́ bí wọn ò bá ṣe é dáadáa. Ẹ fara balẹ̀ síbí.

Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa kan gbogbo òpó, abẹ́ bíìmù àti etí dẹ́kìn láti òkè délẹ̀. Ibi tó le á dún kó-kó-kó. Ibi tó ti ṣí nínú á dún bí ìkòkò òfìfo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Lórí ògiri funfun, èédú ni èmi ń lò, kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ojú lásán wo òkè, kí wọ́n ní ó dáa. Etí ni wọ́n fi ń yẹ kọnkéré wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni pé kọnkéré tuntun kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, afẹ́fẹ́ á máa wọ inú rẹ̀, iyọ̀ òkun náà á sì máa wọlé bó bá jẹ́ Marina, títí ààbò náà fi máa tán. Irin tó bá dógùn-ún á wú ju bó ṣe wà lọ, á sì ti kọnkéré dànù. Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ẹ fọ́ díẹ̀, kí ẹ kán phenolphthalein sí ojú ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún ilé-ìwé ń tà á. Bó bá pọ́n bí osùn, ààbò ṣì wà. Bí kò bá yí àwọ̀ padà, ó ti lọ. Ti iyọ̀, ẹ gbé ìyẹ̀fun kọnkéré náà lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Mo ti rí i tí birikilà kó simẹ́ńtì bo irin tó ti pọ́n, tó rẹ́ ẹ, tí wọ́n sì kùn ún. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Kò ní í pẹ́ tí òjò fi máa já a lulẹ̀ sórí ẹni tó ń kọjá. Kí ẹ tó fọ́ ohunkóhun, ẹ fi jáàkì onírin gbé bíìmù ró bí ẹnjiníà bá ṣe yà á. Ọparun kò ṣeé fọkàn tán lábẹ́ ilé gíga. Ẹ fọ́ ọ títí ìka yín á fi lè gba ẹ̀yìn irin kọjá, kí ẹ sì máa tẹ̀lé irin náà lọ títí ẹ ó fi kan ibi tó mọ́. Ẹ ha á títí á fi dán. Bó bá ti tín-ín-rín, ẹnjiníà ló máa sọ bí wọ́n á ṣe fi òmíràn tì í. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún pa á.

Símẹ́ńtì àtúnṣe tí wọ́n ti pò nínú àpò ni kí ẹ fi dí i, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lo iyanrìn etí òkun láéláé. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó fún ọjọ́ 7. Bí iyọ̀ bá ṣì kù nínú kọnkéré tó yí i ká, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tètè dógùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má tún ibi tó ya nìkan ṣe.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi Alucobond, pátákó álúmíníọ́mù tí wọ́n fi ń bo ara ilé, bò ó. Ó ń bo ìlà-yíya mọ́lẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá sì jẹ́ irú ọ̀rá tó ń gbiná, ó ń gbé iná gòkè. Irú pátákó bẹ́ẹ̀ ló ran iná ilé gíga Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ènìyàn 72 ti kú ní 2017. Àwọn pákó kọnkéré tó ń dí oòrùn lójú fèrèsé náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Owó ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń dín kù.

Wáyà, omi àti ẹ̀rọ agbéni-ròkè, àwọn oníṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà rí i pé wọ́n fi ohun tí iná kì í jó dí ihò tí wáyà gbà láti àjà dé àjà. Sílíìnì àwọn ọdún 1960 lè ní asbestos, èròjà tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fi ọwọ́ lásán ya á, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Teráàsò ìsàlẹ̀, ẹ má lẹ táìlì mọ́ ọn: ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi, á dán ju táìlì lọ.

Yàrá ìṣúra tí báǹkì ń kó owó sí, ẹ má fọ́ ọ. Owó tí ẹ ó ná láti fọ́ ọ kò mọ níwọ̀n. Ẹ sọ ọ́ di ibi ìkó-ìwé-sí tàbí yàrá ìpàdé, ẹ la ọ̀nà afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ sì yọ àgádágodo ilẹ̀kùn irin náà kí ó má baà sé mọ́ ẹnikẹ́ni.