Bí mo ṣe ha ọ̀dà àtijọ́ àti ìpẹtà kúrò lábẹ́ mọ́tò mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti parí iṣẹ́ yìí, apá ṣì ń ro mí, àmọ́ inú mi dùn gan-an, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ.

Ohun tó fà á ni pé gbogbo ìgbà tójò bá ti rọ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ dírẹ́bà máa ń tutù rin-rin. Mo yọjú wo abẹ́ mọ́tò, mi ò rí nǹkan kan, ọ̀dà dúdú tó dà bíi kóòtà tí wọ́n máa ń fi kun abẹ́ mọ́tò yẹn wà níbẹ̀ digbí. Mo wá fi ìdí sukudiráífà máa kàn án díẹ̀díẹ̀, ó ń dún kọ́ kọ́ kọ́ bó ṣe yẹ kí irin dún, àfi bí mo ṣe dé ibì kan lápá òsì tó ń dún bọ̀ọ̀ bí ìgbà téèyàn ń kan páálí. Mo fi ẹnu sukudiráífà tọ́ ọ, ọ̀dà yẹn bó bí èèpo, omi pupa sì kán sí mi lápá. Omi ti wà láàárín ọ̀dà àti irin láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò rọ́nà jáde, ó kàn ń jẹ irin lọ ni.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní kí n kàn ra ọ̀dà kí n kùn ún lé e lórí. Nígbà tí mo ha á dé ìdí ni mo rí i pé ohun tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn náà nìyẹn, torí ìpele ọ̀dà mẹ́ta ni mo bá, ìpẹtà wà láàárín ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹní. Ó dùn mí gan-an, torí ká ní wọ́n ti ha á dáadáa nígbà yẹn ni, irin yẹn ò ní lu rárá.

Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú ni mo ti ṣe é. Mo fi igi dí taya, mo fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, mo sì gbé e lé sítáǹdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn irin ẹlẹ́sẹ̀ tó máa ń gbé mọ́tò dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ó lè yọ tàbí kó rọra wálẹ̀ nígbà téèyàn ò fura. Kí n tó wọlé sábẹ́ ẹ̀ mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í dáadáa, kò mì. Mo yọ orí bátìrì, mo fi ọṣẹ fọ abẹ́ ẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì.

Heat gun tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ni mo fi rọ ọ̀dà dúdú yẹn. Tí kò bá gbóná tó, á máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́, tó bá sì ti gbóná jù, á yọ́, á lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan, àárín méjèèjì lèèyàn ń wá, ìgbà tó bá rọ̀ bíi rọ́bà, tí sukirépà á kàn máa ká a lọ gbọọrọ. Mi ò jẹ́ kí ooru yẹn dé ibi táǹkì epo, páìpù epo àti páìpù búréèkì rárá, ọwọ́ lásán àti sukirépà ni mo fi ṣe àwọn ibẹ̀ yẹn, ìyẹn nìkan gbà mí ní odindi ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan gíráńdà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin sí lórí. Okùn irin búrọ́ọ̀ṣì yẹn máa ń já, á sì fò bí abẹ́rẹ́, ọ̀kan gba inú ṣẹ́ẹ̀tì kọjá ó gún mi láyà, torí náà gọ́gù nìkan ò tó, mo fi ìbòjú ńlá lé e, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì lo ìbòmú tó ń sẹ́ eruku, kì í ṣe aṣọ lásán o, torí òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé: búrọ́ọ̀ṣì yẹn lè dán ìpẹtà kó má sì ha á kúrò. Á máa dán, á dúdú díẹ̀, ẹ ẹ́ rò pé irin ló jáde, ìpẹtà ṣì ni. Mo mú sáńpépà nọ́ńbà 80, èyí tó rí ṣákaṣàka, mo fi gbo ó títí tó fi funfun bí ṣíbí tuntun. Ibi tí ìpẹtà ti gbẹ́ kòtò kéékèèké tí sáńpépà ò lè wọ̀, mo fi oògùn ìpẹtà tó ní phosphoric acid sí i, ó sọ ọ́ di dúdú, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibi tó ti lu tó àtàǹpàkò, ajórin gé e kúrò ó jó irin tuntun síbẹ̀, àmọ́ a ti kó kápẹ́ẹ̀tì jáde kó má gbiná.

Irin tó wà níhòòhò kì í pẹ́ dípẹtà padà tí afẹ́fẹ́ bá tutù, ọjọ́ kan náà ni mo nù ún tí mo fi práímà epoxy, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kọ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin tímọ́tímọ́, kùn ún. Mo fi sílà, ìyẹn àtè tí omi ò lè gbà kọjá, dí ojú oríkèé irin, kí n tó wá fi ọ̀dà abẹ́ mọ́tò lé e, fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ihò kéékèèké lábẹ́ irin gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ńkọ́, ibẹ̀ ni omi yẹ kó máa gbà jáde, ọ̀dà àtijọ́ ti dí mẹ́ta nínú wọn pa. Mo fi wáyà la gbogbo wọn, mo fi téèpù bò wọ́n kí n tó kùn ún, mo sì tú u lẹ́yìn náà. Òjò rọ̀ lánàá, mo dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, omi ń kán jáde lójú ihò kọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó, mo fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì, gbígbẹ.